Kí ni ẹja mọ̀ tí pùròpélà kò mọ̀? Ìdí táwọn ẹnjiníà fi ń ṣe róbọ́ọ̀tì tó ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja

Bí ẹja bá ti kú, ibi tí omi bá ń lọ ló ń bá a lọ. Ọmọdé tó bá ti jókòó létí odò rí mọ èyí. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2006, àwọn olùwádìí ní MIT àti Harvard, yunifásítì méjì lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde nípa òkú ẹja tráùtì tó ń lọ sí òkè omi. Wọ́n fi okùn tín-ín-rín so ó, wọ́n dẹ okùn náà, wọ́n gbé ẹja sínú àgbá gígùn tí omi ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n wá fi òpó kan dí ojú omi díẹ̀ níwájú rẹ̀. Òkú ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Ìrù rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún sósì bíi ti alààyè, ó sì ń sún mọ́ òpó náà, ìyẹn ibi tí omi ti ń bọ̀ wá bá a.

Ẹja yẹn kò ní ẹ̀mí mọ́. Kò ronú, iṣan rẹ̀ kankan kò ṣiṣẹ́. Ara rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù: bó ṣe gùn tó, ibi tó ti le, ibi tó ti rọ̀. Ara yẹn nìkan sì tó láti gba agbára lọ́wọ́ omi kó sì fi rìn. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ nípa rẹ̀ ni mi ò ti lè wo ẹja lójú kan náà mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Bí omi bá ń ṣàn tó sì pàdé òpó, kì í kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Á yí bírí lápá ọ̀tún, á tún yí bírí lápá òsì, wọ́n á máa gbà á fún ara wọn bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì tò tẹ̀lé ara wọn lẹ́yìn òpó. Ẹni tó bá ti dúró lórí afárá tó wo ìdí òpó rẹ̀ nígbà tí odò kún ti rí omi ayíbírí yìí. Agbára wà nínú rẹ̀. Ẹja tó bá rọ̀ níwọ̀n tó yẹ á máa tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí omi yìí ṣe ń kọjá lára rẹ̀, títẹ̀ yẹn ló sì ń tì í síwájú. Ní 2003, díẹ̀ lára àwọn olùwádìí yìí kan náà ti fi hàn pé tráùtì alààyè mọ ọgbọ́n yìí dunjú: bó bá ti rí ìdí òpó dúró sí, púpọ̀ nínú iṣan ara rẹ̀ á sinmi.

Ìdí òwò róbọ́ọ̀tì ẹja nìyẹn. Ẹja kì í bá omi jà. Ó ń bá a dòwò pọ̀ ni, ara tí Ọlọ́run fún un sì ni owó tó fi dòwò náà. Iṣẹ́ tó wà lọ́rùn àwọn ẹnjiníà ni kí wọ́n ṣe ara bẹ́ẹ̀ láti inú rọ́bà, wáyà àti bátìrì.

Kí ló ṣe pùròpélà?

Púpọ̀ nínú àwọn róbọ́ọ̀tì tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ omi lónìí, pùròpélà, ìyẹn abẹ́bẹ̀ tó ń yí bírí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ló ń tì wọ́n. Pùròpélà kì í ṣe ẹ̀rọ burúkú. Ó rọrùn láti ṣe, ó rọrùn láti tún ṣe, òun náà ló sì ń gbé àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá láti Ṣáínà dé Apapa. Àmọ́ ó ń pariwo. Ẹni tó fẹ́ wo bí ẹja ṣe ń gbé ilé rẹ̀, tó wá gbé ẹ̀rọ aláriwo lọ bá a, ibi tí ẹja ti sá kúrò ló máa rí. Bó bá sún mọ́ ilẹ̀ odò, á ru ẹrẹ̀ sókè, kámẹ́rà ò ní ríran mọ́. Koríko sì tún ni olórí ọ̀tá rẹ̀. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì láti Badagry dé Ẹ̀pẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni là á yé wọn. Láti nǹkan bí ọdún 1984 tí koríko omi olódòdó àlùkò yẹn ti gba ọ̀nà Badagry wọlé sí wa lọ́rùn ni wọ́n ti ń pa ẹ́ńjìnnì láàárín odò, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sínú omi láti tú ohun tó wé mọ́ ọn.

Ẹja ń gba àárín koríko yẹn kọjá láìdúró. Ó lè dúró sójú kan, ó lè yí padà nínú àyè tí kò ju gígùn ara rẹ̀ lọ, ó lè sáré lójijì, kò sì pariwo.

Ìṣirò tí kò bára mu

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń da àwọn onímọ̀ láàmú. Ní 1936, James Gray, onímọ̀ nípa ẹranko ní Yunifásítì Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jókòó ṣe ìṣirò nípa dólífìnì, ẹran inú òkun tó jọ ẹja. Ìròyìn kan ti dé etí rẹ̀ nípa dólífìnì tó sáré láti ìdí ọkọ̀ òkun dé orí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá méje. Gray ṣírò agbára tí ara bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní kó tó lè la omi já tó bẹ́ẹ̀, ó fi wé agbára tí iṣan ẹran lè mú wá. Kò bára mu rárá. Ohun tí dólífìnì nílò jẹ́ ìlọ́po méje ohun tí Gray rò pé ó ní.

Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn èèyàn fi wá àwúre kan sínú awọ dólífìnì nítorí ìṣirò yìí. Kò sí àwúre níbẹ̀. Gray ti fi iṣan àwọn tó ń tukọ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan díwọ̀n ẹran tó fi ìṣẹ́jú àáyá méje péré sáré àsápajúdé; ẹni tó ń sáré lọ sí ọ̀nà jíjìn kì í sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ní 2014, Frank Fish àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ kí dólífìnì lúwẹ̀ẹ́ gba àárín afẹ́fẹ́ tó ń hó wìrìwìrì nínú omi, wọ́n fi kámẹ́rà wo bí àwọn hóró afẹ́fẹ́ náà ṣe ń yí, wọ́n wọn agbára ìrù rẹ̀, wọ́n sì rí i pé iṣan dólífìnì tó iṣẹ́ tó ń ṣe.

Mo dúró lórí àṣìṣe yìí nítorí pé òun ló bí ìbéèrè tó dára. Bí àwọn èèyàn ṣe ń wá ibi tí agbára ti wá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo omi tó wà lẹ́yìn ẹja, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í wò tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè yẹn ló gbé Michael Triantafyllou àti David Barrett ní MIT dé ìdí túnà, ẹja ńlá inú òkun, láwọn ọdún 1990. Túnà ni wọ́n yàn nítorí pé eléré ni, tí kì í sì í sinmi: láti ọjọ́ tí wọ́n bí i títí dọjọ́ ikú rẹ̀ ló ń lọ. Wọ́n ṣe ẹja kan tó gùn ju mítà kan lọ díẹ̀, wọ́n pè é ní RoboTuna, wọ́n sì sọ ọ́ ní Charlie. Ó ní ìhà 40, ẹ̀rọ mẹ́fà ló ń fa àwọn okùn tó ń tẹ ara rẹ̀, aṣọ lycra tí wọ́n fi ń rán aṣọ ìwẹ̀ ni awọ rẹ̀. Kò dá lúwẹ̀ẹ́ o. Irin kan dì í mú láti òkè nínú àgbá omi. Àwọn tó ṣe é kò wá ẹja tí yóò lọ sókun; wọ́n wá ẹja tí wọ́n lè wọ̀n.

Nọ́ńbà kan tó yẹ kéèyàn mọ̀ gbilẹ̀ láti inú irú iṣẹ́ yẹn. Mú iye ìgbà tí ìrù ń fì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fi bí ìfì náà ṣe fẹ̀ tó sọ ọ́ di púpọ̀, kí o wá fi eré tí ẹja ń sá pín in. Nọ́ńbà Strouhal ni wọ́n ń pè é. Ìbáà ṣe ẹja kékeré, ìbáà ṣe túnà, ìbáà ṣe dólífìnì, bí ó bá ń lọ ní ìrọ̀rùn, nọ́ńbà rẹ̀ kì í sábà kúrò láàárín 0.2 sí 0.4. Ní 2003, ìwádìí mìíràn fi hàn pé àwọn ẹyẹ, àdán àti kòkòrò tó ń fò náà wà níbẹ̀. Ní àárín yìí ni àwọn omi ayíbírí tí ìrù ń já sílẹ̀ ti máa ń tò dáadáa, tí ọ̀tún àti òsì á jọ máa da omi sẹ́yìn, tí ẹja á sì máa lọ síwájú. Bí ìrù bá ń fì jù tàbí tí kò fì tó, omi á kàn máa dàrú lásán, agbára á sì ṣòfò.

Líle àti rírọ̀

Ibi tí iṣẹ́ ti gbóná jù lọ láwọn ọdún àìpẹ́ yìí nìyí. Ní 2019, Hilary Bart-Smith àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Virginia, pẹ̀lú George Lauder ti Harvard, gbé Tunabot jáde. Kò ju sẹ̀ǹtímítà 25.5 lọ. Ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ lè fì ní ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí ọ̀pọ̀ róbọ́ọ̀tì ẹja tó ṣáájú rẹ̀ kò sún mọ́, ó sì ń lọ ní ìlọ́po mẹ́rin gígùn ara rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé pẹ̀lú bátìrì kékeré oní 10 watt-hour, ó lè rin nǹkan bíi kìlómítà 9.1 bó bá rọra ń lọ ní mítà 0.4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá sáré dé mítà 1.0, ọ̀nà tó lè rìn já sí 4.2. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń dun àwọn ẹnjiníà. Túnà gidi lè rọra lọ, ó sì lè sáré, láìjẹ́ pé èyíkéyìí nínú méjèèjì pa á lára tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé ìrù túnà kì í ṣe ìrù kan náà nígbà gbogbo. Bó bá ń rọra lọ, ó ń jẹ́ kí ìrù rọ̀. Bó bá fẹ́ sáré, á fa iṣan, ìrù á le. Róbọ́ọ̀tì tí ìrù rẹ̀ le bákan náà láti àárọ̀ dalẹ́ dà bí ẹni tó wọ bàtà òde lọ sí oko: ibì kan ṣoṣo ni bàtà náà bá mu. Ní 2021, àwọn ará Virginia yìí kan náà fi okùn bí iṣan sínú ìrù róbọ́ọ̀tì wọn, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ sì ń fa okùn náà le tàbí kó dẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí eré tó ń sá. Agbára tó ń jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì ti róbọ́ọ̀tì irú rẹ̀ tí ìrù rẹ̀ kò lè yí padà. Èrò tèmi ni pé èyí ṣe pàtàkì ju eré sísá èyíkéyìí lọ, nítorí pé bátìrì ló ń pinnu bóyá róbọ́ọ̀tì máa padà sílé.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà rírọ̀ pátápátá. SoFi, tí Robert Katzschmann, Daniela Rus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní MIT ṣe, tí wọ́n sì kéde ní 2018, kò ní egungun nínú ìrù rárá. Sílíkónì, ohun rírọ̀ bíi rọ́bà, ni ìrù náà, ó ní ihò méjì nínú. Ẹ̀rọ kékeré kan ń fa omi sínú tọ̀tún, á tún fà á sínú tòsì, ìrù á sì máa fì. Wọ́n gbé e lọ sí àárín òkìtì iyùn inú òkun ní Fiji, ó wọ omi dé mítà 18, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún bí 40 ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Òmùwẹ̀ tó ń darí rẹ̀ di ohun ìdarí géèmù Super Nintendo mú, èyí tí wọ́n ti tún ṣe kí omi má bàa wọ̀ ọ́, ìró tí etí èèyàn kò lè gbọ́ ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀, torí pé rédíò kì í rìn jìnnà nínú omi. Àwọn ẹja ibẹ̀ kò sá fún un.

Ní 2021 kan náà, àwọn ará Ṣáínà lọ síbi tó jìn ju gbogbo ìyẹn lọ. Ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní snailfish, tó ń gbé níbi tó jìn ju mítà 8,000 lọ nísàlẹ̀ òkun, níbi tí omi ti wúwo lórí ẹni débi pé á fọ́ irin tí wọn kò rọ dáadáa. Ara ẹja yìí rọ̀ bí ọ̀gì dídì, egungun orí rẹ̀ kò sì padé pátápátá. Àwọn olùwádìí náà wo èyí, wọ́n tú àwọn ẹ̀yà iná inú róbọ́ọ̀tì wọn ká kúrò lára ara wọn, wọ́n rì wọ́n sínú sílíkónì, wọn kò sì ṣe àpótí irin kankan fún wọn. Apá rẹ̀ fì ní mítà 10,900 nínú kòtò òkun Mariana. Ó dá lúwẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀ ní mítà 3,224 nínú òkun gúúsù Ṣáínà.

Ẹja ọ̀sàn

Ẹja tó wù mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ẹja ọ̀sàn ni, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Gymnarchus niloticus. Ó wà nínú odò Ọya, ó wà nínú ọ̀sà Lẹ́kkí, àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ mọ̀ ọ́n. Ó gùn bí ejò. Kò ní lẹbẹ́ níkùn, kò ní lẹbẹ́ níparí ìrù. Lẹbẹ́ kan ṣoṣo tó gùn lọ ní gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi ń lọ: lẹbẹ́ yẹn á máa jó bí etí aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́, ara rẹ̀ á sì dúró gbọnrangandan. Bó bá yí ijó náà padà, á fẹ̀yìn rìn. Bó ṣe ń lọ síwájú náà ló ń lọ sẹ́yìn, kò sì í forí gbá nǹkan.

Hans Lissmann ti Cambridge ni èyí yà lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tó fi wádìí rẹ̀. Ní 1951, ó kéde pé iná mànàmáná tí kò lágbára ń jáde láti ìrù ẹja yìí láìdáwọ́ dúró, ní nǹkan bí ìgbà 300 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná yìí kò lè gbọn ẹnikẹ́ni. Ojú ló jẹ́ fún un: ó ń tan iná náà yí ara rẹ̀ ká, ohun tó bá sì wọ inú rẹ̀, òkúta ni o, ẹja mìíràn ni o, awọ ara rẹ̀ á mọ̀ ọ́n nínú omi dúdú, ní òru. Ìdí tí ara rẹ̀ fi ń dúró gbọnrangandan nìyẹn. Bó bá ń ká ara rẹ̀ kò bíi ti àwọn ẹja yòókù, ìrù tó ń tan iná á máa lọ á máa bọ̀, kò sì ní mọ èyí tí òun fà yàtọ̀ sí èyí tí òkúta fà.

Ẹ fi ọkàn gbé èyí lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà. Ìṣòro ńlá kan nínú róbọ́ọ̀tì aláwòṣe túnà ni pé bí ìrù bá fì sọ́tùn-ún, orí á fì sósì, àwòrán tí kámẹ́rà ń yà á sì máa mì. Bátìrì àti ẹ̀rọ tó ń ṣe ìwọ̀n kò fẹ́ràn kí ara máa ká. Ọ̀sàn ti yanjú gbogbo èyí: ara dúró, lẹbẹ́ ṣiṣẹ́. Ní 2009, àwọn olùwádìí ní Ṣáínà tẹ ìwé kan jáde lórí lẹbẹ́ róbọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣe ní àwòṣe Gymnarchus niloticus gan-an. Ní Amẹ́ríkà, Malcolm MacIver àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Northwestern ṣe irú rẹ̀, àmọ́ ẹja dúdú kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n wò. Kò bá ọ̀sàn tan. Abẹ́ ikùn ni lẹbẹ́ tirẹ̀ wà, síbẹ̀ òun náà ń tan iná, òun náà ń na ara rẹ̀ gbọnrangandan, òun náà ń fẹ̀yìn rìn. Ẹja méjì ní ilẹ̀ méjì tí òkun là láàárín ti rí ìdáhùn kan náà. Róbọ́ọ̀tì Northwestern ní ẹ̀rọ 32 tó ń jó lẹbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì rí i pé bí ìgbì kan bá ń ti orí bọ̀ tí ìkejì ń ti ìrù bọ̀, tí wọ́n pàdé láàárín, róbọ́ọ̀tì náà á gbéra sókè lójú kan.

Ta ló fẹ́ ẹ, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Ní 2012, iṣẹ́ kan tí àjọ ilẹ̀ Yúróòpù náwó lé, SHOAL lorúkọ rẹ̀, tú róbọ́ọ̀tì ẹja tó gùn tó mítà kan àbọ̀ sínú èbúté Gijón ní Sípéènì kó máa tọ́ omi wò, kó lè sọ ibi tí májèlé ti ń jò wọ̀ ọ́. Ní Harvard, Radhika Nagpal àti Florian Berlinger kéde Bluebot méje ní 2021, àwọn róbọ́ọ̀tì kékeré tó ń rìn pọ̀ bí agbo ẹja: kò sí ọ̀gá láàárín wọn, iná aláwọ̀ búlúù tí kálukú ń tàn ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ẹlẹgbẹ́ wọn wà.

Àwọn ológun náà ti wà níbẹ̀. Ní 2014, ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà dán GhostSwimmer wò ní Virginia, ẹ̀rọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó mítà kan àbọ̀ tó sì jọ túnà. Ìdí tí òmùwẹ̀ Fiji fi fẹ́ràn ẹja tí kì í pariwo náà ni ológun fi fẹ́ràn rẹ̀. Èyí kò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ẹ̀rọ tó lè wọ èbúté ẹlòmíì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura sí i yẹ kó ní òfin tirẹ̀ kó tó pọ̀ lójú omi.

Ẹrù ìdọ̀tí náà ń bẹ. Sílíkónì kì í jẹrà bọ̀rọ̀, bátìrì sì ní májèlé nínú. Róbọ́ọ̀tì tí wọ́n rán lọ ṣọ́ omi, tó wá sọnù síbẹ̀, ti di ara ohun tó yẹ kó ṣọ́. Ní ti iṣẹ́ ojoojúmọ́, pùròpélà ṣì lágbára ju gbogbo wọn lọ, ó sì dínwó jù wọ́n lọ. Bóyá ẹja máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì wà ní ẹja-ń-bákàn, àyàfi níbi tí ariwo, koríko tàbí àyè híhá bá wà.

Bí ẹ bá bá ọ̀sàn pàdé láàyè nínú ọpọ́n lọ́jà, kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án, ẹ bẹ̀ ẹni tó ń tà á kó dá omi sí i díẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹbẹ́ yẹn á ṣì máa jó, láti orí lọ sí ìrù, á sì tún padà.